Owó ìkọ́ṣẹ́ ITF: ẹ má gba mẹ́sééjì yẹn gbọ́ o

Ẹ̀yin kọ́ńtíráktọ̀ Abẹ́òkúta, mẹ́sééjì tó ń lọ káàkiri WhatsApp yẹn kì í ṣe òótọ́ o. Ó ní ITF (Industrial Training Fund, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́) ti yí òfin padà, pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ń kọ́lé lè gba owó ọ̀fẹ́ láti fi kọ́ àwọn bíríkìlà ẹ̀ níṣẹ́, kódà tí ò bá san kọ́bọ̀ rí. Irọ́ ni.

Láti 1971 ni ITF ti wà, wọ́n sì tún òfin ẹ̀ ṣe ní 2011: tẹ́ ẹ bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí iléeṣẹ́ yín ń pa 50 mílíọ̀nù náírà wọlé lọ́dún, ẹ máa san 1% gbogbo owó oṣù tẹ́ ẹ san lọ́dún yẹn, kó má kọjá April 1 ọdún tó tẹ̀ lé e. Inú ohun tẹ́ ẹ san yẹn náà ni wọ́n ti lè dá owó padà, kò sì lè ju 50% lọ, ìyẹn tẹ́ ẹ bá fi hàn pé lóòótọ́ lẹ kọ́ àwọn èèyàn yín níṣẹ́. Ká ní owó oṣù jẹ́ 10 mílíọ̀nù, 100,000 lẹ máa san, 50,000 ló pọ̀ jù tó lè padà.

Ó ká mi lára gan-an ni. Lánàá ní Panṣẹ́kẹ́, ẹ̀gbọ́n kan, símẹ́ǹtì ò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n na fóònù sí mi, wọ́n ti san 5,000 owó fọ́ọ̀mù fẹ́nì kan tí wọn ò rí sójú rí. Bíríkìlà mẹ́ta péré ni wọ́n ní! Ẹ jọ̀ọ́, ọ́fíìsì ITF gan-an ni kẹ́ ẹ ti lọ bèèrè.