Ẹ yé sọ pé kò sí ọ̀nà burúkú l'Ọsirélíà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní Brisbane pè mí lọ́jọ́ Sátidé, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta fẹ́ yá campervan ní Dìsẹ́ńbà, ìyẹn bọ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí, tó ní síǹkì, tó ní sítóòfù gáàsì, kí wọ́n máa wà á láti Cairns títí dé Cape York, ṣóńṣó ilẹ̀ Ọsirélíà lápá àríwá. Mo ní ṣé ẹ ti bèèrè bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí? Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ọ̀nà oko wa ni? Ìlú òyìnbó mà ni."

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ nìyẹn. Kàbà o, Mọ́pà o, Ìsánlú o, ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ òkè òkun wàá gbọ́ ọ, pé ọ̀nà wọn dán gbinrin, pé mọ́tò tó o bá ṣáà ti rí yá á gbé ẹ débi tó o bá fẹ́. Èmi náà gbà á gbọ́ kí n tó lọ lo ọdún mẹ́fà ní Queensland, ìpínlẹ̀ tí Brisbane àti Cairns wà. Kì í ṣòótọ́ rárá, mo sì ń kọ èyí torí pé owó kékeré kọ́ ló ń bá a lọ, ẹ̀mí náà sì lè bá a lọ.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ọ̀nà náà. Láti Cairns dé Cooktown, tó o bá gba àárín ilẹ̀, ọ̀dà ni látòkè délẹ̀, mọ́tò kékeré gan-an á dé ibẹ̀. Àmọ́ ní Lakeland ni ọ̀nà Cape York ti yà, Peninsula Developmental Road ni wọ́n ń pè é, ó lé ní 500 kìlómítà kó tó dé ìlú Weipa, ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń da ọ̀dà sí i díẹ̀díẹ̀ tí kò sì tíì tán, apá tó kù, ilẹ̀ pupa ni. Pupa bíi tiwa níbí yìí gẹ́lẹ́, eruku ẹ̀ á wọ aṣọ, á wọ imú, á wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ojú ọ̀nà náà á wá rí gbágungbàgun bíi páànù òrùlé. Táyà ló ń ṣe é: táyà á ta sókè lórí yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, tó bá balẹ̀ á ti yẹ̀pẹ̀ jọ síwájú, mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún ta lójú ibẹ̀ náà, títí gbogbo ẹ̀ á fi di òkè kéékèèké. Jíìpù tó lágbára á fara dà á. Campervan ńkọ́, tó wúwo, tó kún fún kọ́bọ́ọ̀dù àti táǹkì omi? Nọ́ọ̀tì á máa tú lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́bọ́ọ̀dù á já, páìpù gáàsì á máa mì. Ti gáàsì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí pé inú mọ́tò yẹn náà lẹ máa sùn.

Tẹ́ ẹ bá tún kọjá ibi tí ọ̀nà Weipa ti yà, tẹ́ ẹ ń lọ sí ṣóńṣó náà gan-an, odò Jardine wà níwájú, pọntúùnù ló ń gbé mọ́tò kọjá. Ọ̀nà àtijọ́ kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọ̀nà wáyà tẹligíráàmù tí wọ́n fà láyé 1880 sí 1890, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí fídíò, ṣùgbọ́n àwọn tó ní jíìpù fọ́ọ̀-wíìlì, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀, pàápàá ń rì sínú omi níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti ìwé àdéhùn, torí ibẹ̀ lọwọ́ ti tẹ èmi náà. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń yá èèyàn ní campervan tí kì í ṣe fọ́ọ̀-wíìlì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mọ́tò náà ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ọ̀dà, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ọgbà ìpàgọ́. Tó bá bà jẹ́ lórí ilẹ̀ pupa, ínṣọ́ránsì ò ní san kọ́bọ̀, bó o tiẹ̀ ra èyí tó wọ́n jù. Ohun tó bá sì bà jẹ́ nísàlẹ̀ mọ́tò tàbí tí omi bá wọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í kà á mọ́ ohun tí ínṣọ́ránsì máa san, fọ́ọ̀-wíìlì náà ò yọ sílẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wọ ọ̀nà eruku lẹ́yìn Laura, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Cape York yẹn, lọ́dún kan, a ní ká kàn dé ibì kan ká padà, òkúta la nǹkan nísàlẹ̀, ọ́ìlì dà nù, a jókòó sínú oòrùn títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, omi tá a gbé ò tó. Nígbà tí mọ́tò tó wá wọ́ wa dé, owó ẹ̀ nìkan ju owó tá a fi yá campervan lọ, dìpọ́sítì wa sì lọ pátápátá. Mi ò lè bá iléeṣẹ́ náà jà, ó wà nínú ìwé tí mo buwọ́ lù láì kà.

Àwọn kan á ní ká kúkú ra ògbólógbòó, ká tà á tá a bá dé. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ní Queensland ẹ gba sàtífíkéètì pé mọ́tò náà yẹ lójú pópó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ má gba àlàyé. Ínṣọ́ránsì tó wà nínú owó rejísità, ẹni tó bá fara pa nìkan ló wà fún, tẹ́ ẹ bá gbá mọ́tò ẹlòmíì, àpò ara yín lẹ máa ti san án.

Ohun tó dùn mí jù ni Dìsẹ́ńbà tí wọ́n mú yẹn. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà. Nílé, Dìsẹ́ńbà lọyẹ́ dé, odò ti fà, ọ̀nà oko tí mọ́tò ò lè gbà ní Sẹ̀tẹ́ńbà ti gbẹ gan-an, òun náà ni gbogbo ọmọ Okun tó wà l'Ékòó àti Àbújá fi ń wálé. Ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ayé ni wọ́n wà, Nòfẹ́ńbà ni òjò tiwọn ń bẹ̀rẹ̀, ó di Épírì kó tó dáwọ́ dúró, odò á kún bo afárá, ìjọba á ti ọ̀nà pa, tó o bá wọ̀ ọ́ wàá sanwó ìtanràn. Ní Dìsẹ́ńbà 2023 ni ìjì líle tí wọ́n pè ní Jasper jà wọlé nítòsí Wujal Wujal, ìlú kékeré kan láàárín Cairns àti Cooktown, omi bo pápákọ̀ òfuurufú Cairns, wọ́n sì kó àwọn ará Wujal Wujal kúrò nílé wọn. Ibi tí àwọn ọmọ wa fẹ́ fi bọ́ọ̀sì oníbẹ́ẹ̀dì gbà nìyẹn o, lóṣù kan náà! Méè sí Òkítóbà ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ìgbà tí òjò ń rọ̀ níbí.

Tí ẹ bá sì dé etí odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tiwa. Níbí, tí omi bá gba ojú ọ̀nà, ẹnì kan á ká ṣòkòtò sókè, á mú igi lọ́wọ́, á wọ̀ ọ́ lọ wò bóyá ó jìn. Ọ̀nì wà nínú odò wọn, nínú omi iyọ̀ àti nínú omi dídùn, èyí tó gùn ju mítà márùn-ún lọ wà nínú wọn, láti 1974 ni òfin Queensland ti ń dáàbò bò wọ́n, wọ́n sì pọ̀ dáadáa. Ibi tẹ́ ẹ máa sùn gbọ́dọ̀ jìnnà sí omi tó 50 mítà ó kéré tán, ẹ má fọ abọ́ létí odò, ẹ má da egungun ẹja síbẹ̀.

Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún wákàtí kan àtààbọ̀. Inú ẹ̀ bà jẹ́ díẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lóhùn ẹ̀, ó ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù sí Cairns. Nígbà tó di alẹ́ ó tún pè, ó ní àwọn ti sún un sí Júláì, campervan kékeré làwọn máa fi lọ Cooktown lórí ọ̀dà, tówó bá wá tó láti lọ Cape York, jíìpù fọ́ọ̀-wíìlì oníténtì lórí làwọn máa yá, lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ "Cape York" sínú ìwé àdéhùn fúnra ẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ méjì, ó ń retí èsì.