Wọ́n ní oògùn ìsoríkọ́ ń di bárakú: kò rí bẹ́ẹ̀

Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ní Kubwa tàbí Nyanya l'Ábújá níbí pé òun ń lo oògùn ìsoríkọ́, gbólóhùn kan náà ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀: "Rọra o, kó má lọ di bárakú sí ọ lára." Wọ́n sọ ọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ fún mi nílé. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ yé mi. Lápá àríwá níbí, a ti fojú rí ohun tí tramadol àti oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú sọ àwọn ọ̀dọ́ dà, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de oògùn ikọ́ náà lóṣù karùn-ún ọdún 2018. Oògùn yòówù tó bá ti kan ọpọlọ, shaye-shaye, ìyẹn ìlòkulò oògùn, ni lójú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe ẹ̀rí ni pé dókítà máa ń fi kún un. Ẹni tí tramadol ti di bárakú fún ń fi kún un torí pé èyí tó mu lánàá kò mú un mọ́. Ti sertraline, oògùn ìsoríkọ́ tí èmi ń lò, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, 25 tàbí 50 mílígíráàmù, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ìnira rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, wọ́n á wá máa wò ó bóyá ó tó tàbí kò tó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tèmi, inú ń rú mi, òógùn ń bò mí lóru, mo ń yán ṣáá láìsí oorun lójú mi. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àyà mi tún ń já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ló máa jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ìgbádùn? Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló sábà máa ń gbà kí ìtura tó hàn, nígbà míì ó lè tó mẹ́fà. Oògùn tó ń di bárakú kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó dùn mọ́ni.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí náà tún ń dẹ́rù bani láìnídìí. Àbúrò mi obìnrin rí 50 lára tèmi, ó rí 10 lára escitalopram ẹlòmíràn, ó ní tèmi ti wọra jù. Rárá. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Escitalopram 10, fluoxetine 20, sertraline 50: ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún àgbàlagbà ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Amitriptyline 25 tí wọ́n ń fún àwọn ìyá tí àtọ̀gbẹ ń mú kí ẹsẹ̀ máa ta, oògùn ìsoríkọ́ lòun náà. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyá kan ní ọmọ shaye-shaye nítorí rẹ̀.

Ẹ̀rí wọn kejì le ju ìyẹn lọ: bí èèyàn bá dá a dúró, ara á bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ìgbà kan wà tí oògùn mi wọ́n ní gbogbo kẹ́míìsì Kubwa, títí ẹ̀gbọ́n mi fi bá mi rí i ní Wuse. Kó tó rí i, òòyì ti ń kọ́ mi, àlá burúkú kò jẹ́ kí n sùn, tí mo bá sì yíjú sápá kan, bí ẹni pé iná mànàmáná gbé mi fìrì nínú orí ni. Òótọ́ ni ìnira yìí. Àwọn dókítà fúnra wọn fojú kéré rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 2019 ni Royal College of Psychiatrists, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde wá sọ pé ó lè le gan-an, kó sì pẹ́ lára àwọn kan. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ tí n kò fi rí i yẹn, ọkàn mi kò fà sí i. Ara mi ló ń wá ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó ti pẹ́ lórí prednisolone, oògùn tí wọ́n ń lò fún ikọ́ fée, náà kò gbọdọ̀ já a lójijì, dídín ni wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, a kì í sì pe ìyẹn ní bárakú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìbẹ̀rù bárakú gan-an ló ń fa ìyà tí wọ́n tún ń fi ṣe ẹ̀rí. Bọ̀dá kan ládùúgbò wa ń lo paroxetine. Kó má baà di bárakú, ó ń fo ọjọ́: ọ̀kan lónìí, ó di ọ̀túnla. Paroxetine kì í pẹ́ lára, láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Gbogbo ọjọ́ tí bọ̀dá yìí bá fò ni ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó ń kanra mọ́ aya àti ọmọ, tí á sì ní, "Ṣé ẹ rí i, ó ti di bárakú." Àfifò yẹn ló ń ṣe é. Fluoxetine ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ lára fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìdí nìyẹn tí dídá a dúró fi sábà máa ń rọrùn jù.

Bí ẹ bá fẹ́ dá tiyín dúró, ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín dín in kù, ó lè gba oṣù. Ìparí rẹ̀ ló ń fẹ́ sùúrù jù. Irú àwọn oògùn bíi sertraline, ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n fi ń tọ́jú èèyàn ti ń dí nǹkan bí 80% ojú ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ohun tó bá lé ní ìwọ̀n yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ fi kún un mọ́. Nítorí náà, láti 100 bọ́ sí 50 kì í sábà le tó kéèyàn ti orí 25 bọ́ sí òfo.

N kò sọ pé oògùn yìí kò ní àléébù. Ó pa ìfẹ́ ìbálòpọ̀ lára mi fún ìgbà kan, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n kìlọ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín tó ń lò ó kò tíì pé ọdún 25, ẹ máa ṣọ́ ọ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti nígbàkígbà tí wọ́n bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, torí pé èrò àtipa ara ẹni lè pọ̀ sí i lára àwọn ọ̀dọ́ kan. Láti ọdún 2004 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ nípa àwọn ọmọdé sára páálí, wọ́n sì mú un dé ọmọ ọdún 24 ní 2007.

Tramadol náà kàn wá o, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹni tó ń lo sertraline, fluoxetine tàbí paroxetine, tó wá gbé tramadol mì nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, gìrì lè mú un, tàbí kí serotonin, èròjà inú ọpọlọ tí àwọn oògùn yìí ń mú pọ̀ sí i, pọ̀ jù lára rẹ̀: ara á gbóná, á máa gbọ̀n, iṣan á le, ọkàn á máa sáré, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á dàrú. Ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì kì í bèèrè ohun mìíràn tí ẹ ń lò. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bèèrè. Bí irú àmì wọ̀nyí bá sì yọ lẹ́yìn tí ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀.