Iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: ọ̀rọ̀ lórí interpretari

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìgbà tí mo pàdé interpretari, ìyẹn "láti túmọ̀", nínú èdè Látìn ni òwe yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi dénú, torí pé ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró láàárín èèyàn méjì ni. Ara interpres ló ti wá, interpres sì ni alárinà, ẹni tó ń bá ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà sọ̀rọ̀ kí ọjà lè bọ́ sí i. Alárenà ìyàwó náà, interpres ni. Virgil, akéwì Róòmù, pe òrìṣà Juno bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ Ọbabìnrin Dido àti jagunjagun Aeneas, ó sì pe Mercury tó ń jíṣẹ́ fáwọn òrìṣà bẹ́ẹ̀ náà.

Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ti wá ya ẹ̀ka. Kéèyàn ṣe ògbufọ̀ láti èdè kan sí èkejì, interpretari ni. Kéèyàn túmọ̀ àlá, òun náà ni, nínú Bíbélì Látìn àwọn ìránṣẹ́ Fáráò méjì tó wà lẹ́wọ̀n pẹ̀lú Jósẹ́fù sọ pé àwọn lá àlá, kò sì sẹ́ni tó máa "interpretetur" fún àwọn. Kí lọ́yà ṣàlàyé òfin ńkọ́? Òun náà ni. Èyí tó kan gbogbo wa jù ni kéèyàn ka ìwà ẹlòmíì sí nǹkan kan, bíi kí aládùúgbò kí ẹ láàárọ̀ kó má rẹ́rìn-ín, o wá kà á sí ìgbéraga, o ti túmọ̀ ẹ̀ nìyẹn, bóyá ọmọ ló ń ṣàìsàn nílé ẹ̀.

Ẹ tún wo ara ọ̀rọ̀ náà. Ní Látìn, amo ni "mo nífẹ̀ẹ́", amor ni "wọ́n nífẹ̀ẹ́ mi". Interpretor náà ní -or nídìí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Látìn á rò pé "wọ́n ń túmọ̀ mi" ni, bẹ́ẹ̀ "mo ń túmọ̀" ni. Ó wọ aṣọ ẹni tí wọ́n ń ṣe nǹkan sí, òun gan-an ló sì ń ṣe é. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an ni, torí bí ògbufọ̀ ṣe rí nìyẹn, á dà bíi pé ọ̀rọ̀ kàn ń gba ẹnu ẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣa èyí tó ń jáde.

Báwo ló ṣe yẹ kó ṣà á? Jerome tó túmọ̀ Bíbélì sí Látìn kọ lẹ́tà kan ní nǹkan bí ọdún 395, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé kò túmọ̀ lẹ́tà ẹnì kan dáadáa, ó ní òun kì í mú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọgbọ́n inú ẹ̀ lòun ń mú, àyàfi tó bá jẹ́ Ìwé Mímọ́. Àwọn amòfin Róòmù tiẹ̀ lọ jù bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé òfin tí Ọba Justinian ní kí wọ́n kó jọ, tó jáde lọ́dún 533, Hermogenianus ní táa bá ń túmọ̀ òfin, ká fi dẹ ìyà lára ni, ká má fi mú un le. Iṣẹ́ ẹrú, wọ́n fi tọmọ jẹ́ ẹ!

Àmọ́ fífi tọmọ jẹ́ ẹ ò ní ká má jẹ́ ẹ o. Ẹnu la lè tún ṣe, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ délé. Mo ṣe àṣìṣe yẹn rí. Mo mú màámi lọ sọ́sìbítù, dókítà ò gbọ́ Yorùbá, ó ní ìtọ̀ ṣúgà wọn ti ga, egbò ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn sì léwu, tí wọn ò bá ṣọ́ ẹnu wọn, gígé lẹsẹ̀ yẹn máa já sí. Mo wojú màámi, wọ́n di etí ìró wọn mú gírígírí. Mo ní, "Wọ́n ní kẹ́ ẹ dín nǹkan dídùn kù." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo bá wọn nídìí mínírà tútù. Mo kúnlẹ̀, mo tún iṣẹ́ náà jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ àti gbogbo ẹ̀. Wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n wò mí pẹ́.

"Ẹsẹ̀ tèmi ni wọ́n ń sọ, ìwọ nìkan lo wá gbọ́."