Ẹ Dá Ìlà Mi Padà Sórí Ṣáàtì Yẹn

Inú ń bí mi, n ò sì ní bò ó mọ́ra. Láti ọjọ́ Ajé tí mo ti rí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wa nílùú Iléṣà níbí, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ tó wà nínú bébà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ojú rẹ̀, wọ́n wá ní kí àwọn ènìyàn máa fi ríran.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kíkó àkọsílẹ̀ jọ nípa àwọn ọmọdé tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé, lágbègbè àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó yí wa ká. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Àwọn ènìyàn wa máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á ní kí ìyá ọmọ mú káàdì jáde, wọ́n á wò ó, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dé gbogbo ilé. Níbi tí èrò pọ̀ sí, wọ́n rí ọmọ 400. Ní abúlé kan tí òjò ti ba ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ débi pé ọ̀kadà ò wọ ibẹ̀ mọ́, ọmọ 12 péré ni wọ́n rí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, mo ń fowó ara mi ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo to àwọn ilé ìwòsàn náà láti orí èyí tí tirẹ̀ ga jù dé orí èyí tí tirẹ̀ kéré jù. Mo fi àmì tó-ín kan síwájú orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín àmì náà kọjá, sọ́tùn-ún sósì. Ìlà yẹn ni àwa tí a kọ́ sítátísíìsì ń pè ní error bar. Ohun tó ń wí fún ẹni tó bá ń wò ó ni pé: iye tí a rí rèé o, àmọ́ ibi tí òótọ́ lè wà nìyí, láti ìhín dé ọ̀hún. Ibi tí a bá ti rí ọmọ púpọ̀, ìlà á kúrú. Ibi tí ọmọ ò bá ti tó nǹkan, ìlà á gùn gbọọrọ.

Ọ̀gá wo ṣáàtì náà, ó ní, "Kí ni gbogbo irunmú ológbò yìí? Yọ wọ́n kúrò jàre. Àwọn tó ń bọ̀ láti òkè ò ráyè èyí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, inú ìlà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà."

Ó ní ìwé àkàjù ló ń dà mí láàmú. Ló bá gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Onítọ̀hún yọ gbogbo ìlà, ó sọ àmì mi di òpó gbàǹgbà-gbàǹgbà, ó kun ti òkè ní àwọ̀ ewé, ó kun ti ìsàlẹ̀ ní pupa, wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ ní aláwọ̀, ó di ara ògiri. Ilé ìwòsàn abúlé tí mo wí yẹn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó pupa fòò. Wọ́n fún ẹni tó ṣe ipò kìíní ní aago ògiri. Wọ́n kọ lẹ́tà sí nọ́ọ̀sì tó wà níbi tó gbẹ́yìn pé kó wá wí tẹnu ẹ̀ láàárín wákàtí 48.

Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ìṣirò náà? Ẹni kìíní: ọmọ 18 nínú 20, ìyẹn 90%. Ẹni tó gbẹ́yìn: ọmọ 9 nínú 12, ìyẹn 75%. Ẹ bá mi kà á. Ká ní ọmọ méjì sí i ni wọ́n rí káàdì rẹ̀ ní abúlé yẹn, yóò di 11 nínú 12, bíi 92%. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ lẹ́tà sí yìí gan-an ni wọn ìbá gbé aago fún! Ọmọ méjì péré!

Ìlà tí wọ́n yọ ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́nà tí Wilson, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ ní 1927, tí ayé ṣì ń lò dòní. Ìlà ti abúlé náà lọ láti nǹkan bí 47% dé 91%. Ti ẹni kìíní lọ láti 70% dé 97%. Ta ló lè búra pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ? Èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni ti àárín ìlú, ọmọ 340 nínú 400, ìyẹn 85%, tí ìlà rẹ̀ ò ju 81% sí 88% lọ. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wo ibẹ̀, torí pé àárín ló wà.

Àti òpó yẹn fúnra rẹ̀! Wọn ò bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ láti òdo, 70 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òpó 90 wá ga tó òpó 75 lọ́nà mẹ́rin. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, tí kò dúró ka nọ́ńbà, á rò pé tí ọmọ mẹ́rin bá gba abẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún, ọ̀kan ṣoṣo ló ń gbà á níbí. Irọ́ tí wọ́n fi rúlà fà ni.

Ọjọ́rú ni nọ́ọ̀sì náà wá. Ó tó ìyá mi í bí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ kú ìrìn, Màmá." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Inú ọ̀rá dúdú ló fi lẹ́tà náà àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí, kí òjò má baà bà wọ́n jẹ́. Ó ṣí ìwé náà, ó ń fìka tọ orúkọ àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọn ò kà mọ́ àwọn tó gbà á pé níkọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́, òrùlé wọn ń jò, omi ti ba káàdì jẹ́. Ti ìkejì, ìyá rẹ̀ wà lóko, ìyá àgbà ló wà nílé, kò sì mọ ibi tí wọ́n kó káàdì sí. Ti ìkẹta, òótọ́ ni, kò tíì gbà á. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn méjì yìí, ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún wọn lábẹ́rẹ́. Wò ó, déètì rèé." Ọwọ́ náà ń gbọ̀n bó ṣe ń fi hàn mí. Obìnrin tó ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ lé orí gba inú ẹrẹ̀ lọ, òun ni wọ́n ń bi léèrè pé kí ló dé tó ń ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ tilẹ̀ pa ti káàdì tì. Ká ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò gbà á lóòótọ́, ọmọ 12 ò ní torí ìyẹn di 100. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni wọ́n lọ, ilé mìíràn ni wọn ìbá yà, iye mìíràn ni wọn ìbá gbé wálé.

Ìlú kòkó ni wa. Bàbá mi ra kòkó, ó tà á. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ kòkó wò mọ̀ pé wọn kì í la ẹyọ méjìlá kí wọ́n tó pe àpò ní dáadáa tàbí burúkú. Ìlànà tí ayé fọwọ́ sí ni pé kí wọ́n fi ọ̀bẹ la ẹyọ 300, kí wọ́n wo inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó ti bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ. Kòkó là ń fún ní 300! Ènìyàn ẹlẹ́ran ara, ẹ fún un ní 12, ẹ wá fi ọ̀dà pupa kùn ún.

Kì í sì í ṣe ohun tí ẹnìkan ò rí rí. Ní 2007, Howard Wainer, onísítátísíìsì ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àrùn jẹjẹrẹ kíndìnrín ní Amẹ́ríkà. Tí wọ́n bá to àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ibi tí àrùn náà ti kéré jù jẹ́ ìgbèríko tí èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀. Ẹnu á yá èèyàn láti sọ pé afẹ́fẹ́ tútù ni, oúnjẹ oko ni. Àmọ́ ibi tó ti pọ̀ jù ńkọ́? Ìgbèríko tí èèyàn ò pọ̀ náà ni! Kíkéré iye wọn ló ń jù wọ́n sókè, òun náà ló ń jù wọ́n sílẹ̀. Ẹ wá padà wo ògiri wa. 20 ló ṣe kìíní, 12 ló gbẹ́yìn. Àwọn méjì tó kéré jù nínú mẹ́rìnlá!

Àwọn tó tún ń bí mi nínú ni àwọn tó mọ ìlà yìí lábọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́dọ̀ wa gbè mí lẹ́yìn, ó wá ní tí ìlà méjì bá ti fara kanra, kò síyàtọ̀ nìyẹn, kí oníkálùkù máa lọ sùn. Rárá o. Ìlà 95%, ìyẹn irú èyí tí mo fà, tó jẹ́ pé tí a bá ṣe irú ìwádìí yìí lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà 50, òótọ́ á bọ́ sínú ìlà ní bíi ìgbà 95, méjì rẹ̀ lè gorí ara wọn díẹ̀, kí ìyàtọ̀ gidi ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Goldstein àti Healy, àwọn onísítátísíìsì méjì, fi sọ ní 1995 pé tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí èèyàn fojú lásán fi ìlà kan wé òmíràn, kí ẹ fà á kúrú, dípò standard error, ìyẹn ìwọ̀n bí iye tí a rí ṣe máa ń yẹ̀ kúrò lórí òótọ́, lọ́nà 1.96 tó ń fúnni ní ìlà 95%, kí ẹ lo nǹkan bí 1.39. Èyí tó wù kí ẹ fà, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ṣáàtì.

Ọ̀gá ní tó bá jẹ́ pé gígùn ìlà ló ń dun èmi, kí n wá nǹkan ṣe sí i. Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i lórí kọ̀ǹpútà? Kí ìlà tó lè dín sí nǹkan bí ìdajì, ọmọ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, 12 á di 48. Ẹ fún àwọn ènìyàn wa lówó ọkọ̀, kí wọ́n sùn lọ́hùn-ún mọ́jú, kí wọ́n rí ọmọ púpọ̀ sí i. Owó tí wọ́n fi ra aago ògiri ìbá gbé wọn débẹ̀.

Ọmọ òṣómàáló ni mí. Àwọn bàbá wa a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí wọ́n á fi gba owó wọn. Mo ti fowó ara mi tẹ ṣáàtì tèmi nítòsí ọjà Àtàkúmọ̀sà, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá pé síbẹ̀. Mo ti fún Màmá Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀dà kan kó fi mọ́ èsì lẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀dà kejì wà nínú báàgì mi. Lọ́la, kí ọ̀gá tó dé, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹ̀ ló ti máa bá mi.