Ẹ̀rọ Ìka Ní 98, Ẹ Wá Ní Èémí Wọn Pé?

Látìgbà kòrónà ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka ti wọ ilé ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí Bàbá bá ti ń mí gúlegúle, wọ́n á fi há ìka wọn, iná pupa á tàn, nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó nínú ìdá 100 á jáde: 98. Ara gbogbo ilé á wálẹ̀. Tí wọ́n bá wá dé ọsibítù, tí nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ wọn, ìjà dé: “Ẹ̀jẹ̀ kí lẹ tún fẹ́ gbà? Ṣé ẹ ò rí 98 ni?”

Ó rí i. Ohun tí 98 ò lè sọ ló ń wá.

Iṣẹ́ méjì ni èémí ń ṣe: ó ń kó ọ́síjìn wọlé, ó sì ń kó kábọ́ọ̀nù daiọ́ksáídì (kábọ́ọ̀nù la ó máa pè é) jáde. Ẹ̀rọ ìka dà bíi mẹ́gáàdì tó ń ka àwọn tó wọlé nìkan. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ti fi ọ́síjìn síni nímú, nọ́ńbà lè dúró ní 99 kí kábọ́ọ̀nù máa pọ̀ sí i lábẹ́lẹ̀, títí aláìsàn á fi máa tòògbé. Ẹbí á ní oorun ló ń kùn ún.

Copenhagen, olú ìlú Denmark, ni wọ́n ti fojú winá ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1952, nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń pa àwọn èèyàn nítorí pé iṣan tí wọ́n fi ń mí ti kú. Àwọn dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti yí padà, wọ́n kà á sí àdììtú. Dókítà kan tó ń jẹ́ Bjørn Ibsen ló ní kò sí àdììtú kankan níbẹ̀: kábọ́ọ̀nù tí wọn ò lè mí jáde ni. Ní August 27, ó ní kí wọ́n lu ọ̀nà ọ̀fun ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 kan, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ó wá ń fọwọ́ tẹ báàgì láti bá a mí. Ọmọ náà yè. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbà á fúnra wọn tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń tẹ báàgì.

Ásímà ló máa ń tan èèyàn jù. Kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tára rẹ̀ le máa ń wà láàárín 35 sí 45 mmHg (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀). Ẹni tí ásímà mú tó ń mí kíákíá, tiẹ̀ yẹ kó ti já wálẹ̀ kọjá 35. Bí èsì bá wá ní 42, ẹ lè ní ó wà bó ṣe yẹ. Dókítà á ti máa sáré ní tiẹ̀, torí ó mọ̀ pé ó ti ń rẹ aláìsàn náà, kò lè mí kábọ́ọ̀nù jáde dáadáa mọ́.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ ìka ò mọ kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáídì, májèlé inú èéfín yẹn, yàtọ̀ sí ọ́síjìn. Èèyàn lè máa kú lọ lójú 98. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Àwa aláwọ̀ dúdú tún ní tiwa. Ìwádìí kan láti Michigan, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2020 wo àwọn tí ẹ̀rọ ìka fún ní 92 sí 96. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ọ́síjìn ti wà lábẹ́ 88 nínú nǹkan bí 12 lára ìdá 100 àyẹ̀wò àwọn dúdú. Ti àwọn funfun ò tó 4.

Mi ò ní kí wọ́n gún gbogbo ẹni tí èémí bá ń dà láàmú o. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ apá lásán ti tó láti mọ̀ pé kábọ́ọ̀nù ò pọ̀. Ti ọrùn ọwọ́ sì máa ń dunni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Nọ́ọ̀sì á fi ìka méjì wá ibi tí iṣan ti ń lù kìkì, á gún un, ẹ̀jẹ̀ á máa fúnra rẹ̀ gòkè nínú síríńjì. Kò tó ṣíbí tíì kan. Tó bá ti yọ abẹ́rẹ́, ẹ bá Bàbá tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 5, ẹ má sì máa ṣí i wò.