Ẹ yéé fi body filler, nǹkan tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò, bo ìpẹtà mọ́lẹ̀!

Kí ló dé táwọn tó ń ta mọ́tò àtijọ́ kì í lè sọ òótọ́ gan-an? Mo ra bọ́ọ̀sì Volkswagen Type 2 ti ọdún 1973 níbí ní London, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kíṣìnì nínú, mo ní màá fọwọ́ ara mi tún un ṣe. Ó ń dán gbinrin. Ìgbà tí mo wá ha pẹ́ńtì, body filler ló kún abẹ́ ẹ̀, mo tún ha ìyẹn kúrò, ihò! Abẹ́ fèrèsé ni o, orí táyà ni o, kódà ibi tí jáàkì máa ń gbé mọ́tò sí, ìwé ìròyìn ni wọ́n rún dí i kí wọ́n tó kùn ún. Ibi jáàkì o! Tó bá já lé mi lórí ńkọ́, èmi tí mo lọ́mọ nílé? Gbogbo Sátidé ni mò ń bá tuntun pàdé, mi ò tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rárá. Òfin ibí ò sì fipá mú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti lé lógójì ọdún pé kí wọ́n ṣe MOT mọ́, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá mọ́tò ṣeé gbé sójú títì, ìyẹn làwọn kan rí tí wọ́n fi ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ mú òòfà dání o, ibi tí ò bá ti lẹ̀, irin kọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn.