Ẹ Ti Fóònù Pa, Ẹ Fi Síìmù Sílẹ̀ Gbayawu

Láti àárọ̀ ni inú ti ń bí mi. Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé wọ́n jí fóònù òun àmọ́ ọkàn òun balẹ̀, torí ìka lòun fi tì í, olè ò lè ṣí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń ṣí fóònù? Síìmù ni wọ́n ń yọ!

Àárín gósílóò Òṣòdì ni wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ àǹtí mi lóṣù tó kọjá. Ojú fèrèsé dánfó ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń dáhùn ìpè, ọwọ́ kan wọlé báyìí, fóònù ti lọ. Èrò ọkọ̀ ní kí wọ́n máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ. Wọ́n délé, wọ́n jẹun, wọ́n sùn, ṣebí fóònù ní lọ́ọ̀kì. Ìgbà tí wọ́n máa fi dé báńkì láàárọ̀, owó àjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, tó lé ní ₦186,000, ó ku ₦340.

Mo fojú ara mi wo ìwé tí báńkì tẹ̀ fún wọn. ₦100,000 jáde kí aago méjìlá òru tó lù, ìyókù tún jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀. Ṣó yé yín? ₦100,000 péré ni CBN, báńkì àpapọ̀, ní kéèyàn máa fi kóòdù báńkì, nọ́ńbà oníràwọ̀ téèyàn ń tẹ̀ yẹn, fi ránṣẹ́ lójúmọ́, lolè bá jókòó ti aago, ó ń retí ọjọ́ tuntun. Inú fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì lásán ló ki síìmù wọn bọ̀, kóòdù ò bèèrè dátà, kò bèèrè ìka. PIN báńkì àǹtí mi sì rèé, 1968, ọdún ìbí wọn, káàdì ìdìbò wọn wà nínú páàsì fóònù yẹn kan náà.

Ẹ fi PIN ti síìmù yín, mo bẹ̀ yín, kó máa bèèrè PIN kó tó ṣiṣẹ́ nínú fóònù èyíkéyìí! Inú Settings ló wà, ẹ wá SIM lock, ẹ bèèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, ẹ má mẹ́fò, torí tẹ́ ẹ bá ti ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, PUK, nọ́ńbà 8 tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó ti há, ló máa bèèrè, ẹ ṣi ìyẹn náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù ti kú nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé báńkì ló jẹ̀bi, mo ti gbọ́, owó ò tíì padà.

Nígbà tí àǹtí mi ṣe welcome back, tí wọ́n gba nọ́ńbà wọn padà sórí síìmù tuntun, èmi ni mo bá wọn ti síìmù tuntun yẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì, bátìrì kú, wọ́n tan fóònù, wọ́n gbàgbé PIN, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dé orí PUK. Odindi ọjọ́ méjì la ò fi rí wọn pè, ọmọ wọn tó wà nílùú ọba ń sunkún sí mi létí. A ṣáà yanjú ẹ̀. Lánàá mo yà kí wọn, mo ṣí páàsì fóònù, mo bá bébà kékeré kan tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́nú ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin, gàdàgbà. Mo já a kúrò. Wọ́n wá bi mí pé, "Níbo ni kí n wá kọ ọ́ sí?" Títí mo fi kúrò níbẹ̀, mi ò rí èsì fún wọn.